Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Ilé Yìnyín fún Adìẹ

Ìgbà mẹ́ta ni káfíńtà bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé adìẹ ló máa gbé ibẹ̀ àbí ìyá ìkókó?" Wọ́n ní adìẹ ni, adìẹ mẹ́fà. Ó tún tẹjú mọ́ ìwé tí wọ́n ya ilé náà sí. Ògiri pákó onípele méjì, fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n ni kí ó há sí àárín rẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì tí kì í ṣí. Òrùlé tó dà gẹ̀rẹ́ bí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí ni òrùlé yẹn ń sá fún. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín: "Kí yìnyín má baà dúró lórí rẹ̀."

Àjàṣẹ́ la wà o, Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yìn ọjà Wàńdó, lóṣù kẹta, tí òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ káfíńtà lẹ́yìn, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mò ń wá ibi tí n ó gbójú sí.

Ọyẹ́ tó le jù nílùú wa, èyí tí àwọn sémíjàn ọlọ́kadà ń tìtorí rẹ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì, tí àwọn ìyá wa ń tìtorí rẹ̀ fi gèlè bo etí, agbára káká ló fi ń fa òru sọ̀kalẹ̀ dé ìwọ̀n 20 lórí tẹmómítà. Ní Kébẹ̀ẹ̀kì ní Kánádà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ṣẹ́ adìẹ (lórí fóònù ni o, wọn ò kọjá Lomé rí láyé wọn), òtútù lè dé 30 nísàlẹ̀ òdo. Ogbe adìẹ á dì, á dúdú, á kú mọ́ ọn lórí. Ìyẹn ló mú kí ọkùnrin ẹlẹ́sìn kan ní ìlú Oka, Brother Wilfrid Châtelain, bẹ̀rẹ̀ sí í da oríṣi adìẹ pọ̀ mọ́ra ní 1908, títí ó fi rí èyí tí ogbe rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ẹ́ hàn lórí. Chantecler ni wọ́n ń pè é. Adìẹ tí kò ní ogbe, kí ni òtútù fẹ́ gé níbẹ̀? Ọkùnrin yẹn ní ìṣòro, ó sì wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò bá a wí. Ẹni tó lọ yá ìṣòro lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń bá wí.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá rí owó díẹ̀ he ní àdúgbò Tokpota, mọ́tò ló máa rà, tàbí kó lẹ táìlì mọ́ iwájú ilé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ní báyìí, ibi ìsọmọlórúkọ lẹ máa jókòó sí tí ẹnì kan á béèrè pé, "Ìwọ̀n mélòó ni inú ilé adìẹ yín?" Bí ẹ bá ní ẹ ò tíì wọ̀n ọ́n, wọn á wò yín bí ẹni tí kò rán ọmọ lọ síléèwé. Mo mọ ọkùnrin kan tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ló ta síbẹ̀; ilẹ̀kùn ilé adìẹ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjì.

Ayálégbé mẹ́ta ló wà lágbàálé ẹ̀gbọ́n mi, páànù ilé wọn ń jò láti òjò èṣí. Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n bá òun béèrè bóyá àyè kan ṣì kù nínú ilé adìẹ náà, pé òun ò ní máa kọ láàárọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Songhaï, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà níbí, ní Wàńdó níbí. Láti 1985 tí Fadá Nzamujo ti dá a sílẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà wá kọ́ adìẹ, ẹja àti ọ̀gbìn lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí àkàrà àárọ̀ wọn tó tutù. Wọ́n ní ìyẹn ti wọ́pọ̀ jù. Mo gbà fún wọn. Kò sí ẹni tó ń fi ohun tó wà ládùúgbò yangàn.

Ilé parí, adìẹ wọlé. Ìgbà náà ni ìtọ́jú wá bẹ̀rẹ̀. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń fi fasilíìnì pa ogbe àwọn adìẹ náà kí òtútù má baà mú un, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Tó bá di àárọ̀, tí oòrùn bá là, orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa dán yinrin bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó wọn hun súwẹ́tà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, súwẹ́tà, aláwọ̀ ewé. Àwọn tó ní òtútù gan-an ń kìlọ̀ pé kí a má wọ̀ ọ́ fún adìẹ, torí ìyẹ́ tó bá wú sókè ni aṣọ adìẹ, súwẹ́tà á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ta ló máa sọ ìyẹn fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni?

Iná pupa tó ń mú adìẹ gbóná wá dé, gílóòbù wáàtì 250. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tàn án, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kanlẹ̀kùn, wọ́n ní mélòó ni bíà. Wọ́n rò pé búfẹ́ẹ̀tì tuntun ló ṣí. Ní alẹ́ kejì, Sàngbétò, eégún tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, kọjá, ó dúró, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ọ̀nà míì lọ.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ará Kébẹ̀ẹ̀kì fúnra wọn máa ń dá ihò sókè ògiri kí atẹ́gùn lè máa jáde, torí èémí adìẹ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń sọ inú ilé di ọ̀rinrin, ọ̀rinrin yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí ogbe tètè dì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ihò yìí ni dátà ẹ̀gbọ́n mi ti tán.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, adìẹ kì í làágùn. Kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde. Ẹnu ló ń là. Tí ẹ bá rí adìẹ mẹ́fà tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, tí wọ́n na apá, tí wọ́n la ẹnu kalẹ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ iná pupa, ẹ ti rí ilé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní orin ni wọ́n ń kọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyin mẹ́rin. Méjì nínú rẹ̀ ní èèpo tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, torí adìẹ tó bá ń mí bẹ́ẹ̀ kì í rí èèpo ṣe dáadáa. Mo ro gbogbo ìnáwó pọ̀, pákó, gíláàsì, owó káfíńtà, iná: 208 000 fàráǹ. Mo pín in sí mẹ́rin. Ẹyin kọ̀ọ̀kan jẹ́ 52 000, iye tí òfin fi lélẹ̀ láti 2023 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi din owó oṣù méjì jẹ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní iyọ̀ ò tó.

Ìyá wa wá ti Kétu dé. Wọ́n gbé adìẹ abọ́lọ́rùn kan dání, èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn rárá, tí Ọlọ́run ti bá a bọ́ súwẹ́tà tirẹ̀ sílẹ̀ láti inú ẹyin. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó jọ pé ara rẹ̀ ò yá. Ìyá wa ò fèsì. Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn ilé adìẹ náà, òun náà oníkọ́kọ́rọ́ méjì.

"Àjàní, Àkábà Ìdènà gan-an ò nípọn tó báyìí. Ṣé Dàhòmì tún ń bọ̀ ni?"

Àkábà Ìdènà ni ẹnubodè Kétu láyé àtijọ́. 1886 ni Dàhòmì kó Kétu. Ẹnu ìyá wa, àná ni.

Ó di pé ká se oúnjẹ fún àlejò. Ìyá wa ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn adìẹ náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu: "Ìyá, Joséphine nìyẹn!" Ìyá wa bi mí pé ta ni Joséphine. Mo nàka sí i. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Joséphine." Bẹ́ẹ̀ la lọ sí Wàńdó, a ra páálí adìẹ inú yìnyín kan, èyí tí ọkọ̀ òkun gbé gba èbúté Kútọnu wọlé, kí adìẹ inú ilé má baà kú.

Lóru, mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ìyá wa ni, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti bọ́ súwẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ń gbé àwọn adìẹ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé wọn lé ẹ̀ka máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́lọ́rùn tó ti sùn tipẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí iná lọ ní gbogbo àdúgbò, kò sì dé mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Fìríìsà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ́gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó fi ọṣẹ fọ ilé adìẹ náà mọ́ tónítóní, ó ra yìnyín gbàǹgbà gbàǹgbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja, ó tò ó sínú rẹ̀, ó gbé páálí adìẹ náà lé e lórí, ó tilẹ̀kùn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti mọ́sálásí dé, tẹmómítà ara fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá pè mí, ojú wọn ń dán bí ogbe Joséphine.

"Àbúrò, wá wo nǹkan. Ìwọ̀n 4. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ilé yìí dára?"