Èédú kọ́ ló ń dùn wá ní Ṣàgámù

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ìjọba padà sídìí èédú abẹ́ ilẹ̀ kí iná lè dúró, ẹ rọra. Láti 1909 ni wọ́n ti rí èédú ní Enugu; wọ́n tiẹ̀ fi ṣe iná ní Oji River kí ibẹ̀ tó dẹnu kọlẹ̀. Gúúsù Áfíríkà tí iná wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì èédú náà pín iná títí ó fi sú wọn. Olorunsogo, ilé iṣẹ́ amúnáwá ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, gáàsì ló ń jẹ. Bí kò bá rí i, á jókòó.

Ní àdúgbò tèmi, transífọ́mà ló jó. Ìyá ẹlẹ́ja dídì ìsàlẹ̀ wa ti ń fi fíríìsà pàtẹ bisikíìtì. Èédú wo ló máa tún ìyẹn ṣe?