Gúlúù kọ́ ló ń di orí ọ̀pá lacrosse mú

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Tanke, mo mọ̀ pé ara ń yá yín torí lacrosse, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá tó ní àwọ̀n lórí ju bọ́ọ̀lù, yóò wà ní Òlíḿpíìkì 2028. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ẹ da súpà-gúlúù sí ọrùn orí ọ̀pá kó má baà yọ ti ṣì yín lọ́nà. Ike ni orí yẹn. Lọ́jọ́ tó bá fọ́, báwo lẹ ó ṣe yọ ọ́ láti fi òmíràn sí i? Àgbẹ̀ wo ní Kwara ló ń fi gúlúù lẹ ọkọ́ mọ́ ẹ̀rú?

Síkúrù ló ni iṣẹ́ yìí. Ọ̀pá náà sábà máa ń ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dojú àwọ̀n kọ ibi tó yẹ, kí ẹ tó ti orí náà wọlé títí yóò fi kan òpin. Bó bá ṣì ń mì, ẹ yọ ọ́, ẹ wé téèpù tínrín mọ́ ẹnu ọ̀pá, ẹ tún tì í. Ẹ wá fi síkúrù kan gba ihò ọrùn rẹ̀ wọnú ọ̀pá. Bí ọ̀pá irin kò bá ní ihò, ẹ fi dírílì lu èyí tó kéré díẹ̀ sí síkúrù. Ẹ má fún un jù, ike lè là. Kí orí síkúrù má sì yọ síta o, ọwọ́ ẹlòmíì ni yóò ya.