Ìbọn Ọdẹ Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìjínigbé

Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ọdẹ kan wọkọ̀ láti ìhà Port Harcourt, wọ́n ń lọ ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ nílé ní Kano. Nígbà tí wọ́n dé Uromi ní ìpínlẹ̀ Edo, àwọn fijilanté dá ọkọ̀ dúró, wọ́n tú ẹrù, wọ́n bá ìbọn ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ariwo ta pé ajínigbé ni wọ́n. Ẹni 16 ni wọ́n pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Kí ni ọdẹ ì bá gbé dání bí kò ṣe ìbọn? Ọdẹ kún inú Amọ̀tẹ́kùn tiwa tí àwọn gómìnà gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 2020, ṣakabùlà sì ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Bí ọdẹ Òkè-Ògùn bá gba ìlú onílùú kọjá lọ́la ńkọ́? Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí la ó wá pe ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá?

A mọ ohun tó ń bí ará ìlú nínú. Wọ́n ń jí àgbẹ̀ gbé lóko. Ẹni tí a fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lánàá, òun la tún rí lónìí tó ń yan fanda ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í mọ ojú olè yàtọ̀. Ní Aluu, ní ìpínlẹ̀ Rivers, lọ́dún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ni èrò lù, tí wọ́n sun nítorí ẹ̀sùn olè. Nígbà tí kóòtù dájọ́ ikú fún ẹni mẹ́ta lọ́dún 2017, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan wà nínú wọn. Ọlọ́pàá o!

Abala 36 ìwé òfin 1999 ní aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, àfi bí kóòtù bá dá a lẹ́bi. Nítorí náà, kí gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ kọ orúkọ fijilanté sílẹ̀, kí nọ́ńbà wà láyà aṣọ kálukú. Kí wọ́n mú afurasí, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wọn parí sí. Ó kan Amọ̀tẹ́kùn náà, bó ti wù ká fẹ́ràn wọn tó.

Gómìnà Monday Okpebholo dá ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ Edo dúró lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ti Uromi, ó sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣíwọ́. Ó ṣeun, àmọ́ kò tó. Gbangba kóòtù ni ká ti gbẹ́jọ́ àwọn apààyàn náà, kí àwọn opó Kano sì jókòó níbẹ̀.