Ta ló gé ìdákẹ́ inú àwàdà yìí dànù?

Inú ń bí mi láti àná, ẹ jẹ́ kí n tú u síbí kí n lè ráyè ṣe nǹkan míì.

Àbúrò mi ọkùnrin ni. Mo fi líǹkì àwàdà rédíò kan ránṣẹ́ sí i, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú báyìí, kó gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kó wá padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwàdà yìí kì í ṣe èyí tí mo kàn ń jù sílẹ̀ fún gbogbo ayé o, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọjọ́ tí màá fún un gbọ́. Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa tó ti dá mi lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́ ọ. Ibo ni ká ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

Mo wo aago. Ìṣẹ́jú méjì ò tíì pé. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ìṣẹ́jú méjì gbọ́ nǹkan ìṣẹ́jú mẹ́ta? Mo bi í, ó sì ṣàlàyé fún mi tẹ̀rín tẹ̀rín, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, pé ìlọ́po méjì sípíìdì lòun máa ń fi gbọ́ gbogbo nǹkan, àti pé nǹkan kan wà nínú app òun, tó bá ti kan ibi tí kò sí ohùn, á gé e dànù, á so ọ̀rọ̀ tó kù pọ̀. Ó ní ó tiẹ̀ máa ń bá òun ka iye wákàtí tóun ti jèrè.

Jèrè kẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Jack Benny, aláwàdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1948 ni wọ́n ṣe èyí tí mò ń wí. Láti 1932 ni bàbá yìí ti wà lórí rédíò ní Amẹ́ríkà, ìwà kan ṣoṣo ló sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn kọ́ sí wa létí: ahun ni. Ahun paraku. Abẹ́ ilẹ̀ ilé ẹ̀ ló ń kó owó sí, ó fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Ọkọ̀ Maxwell tó ti gbó ló ń gùn, tí òṣèré kan tó ń jẹ́ Mel Blanc ń fi ẹnu ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì ẹ̀, tó ń wúkọ́ bíi pé ó fẹ́ kú. Ọmọ ọdún 39 ló sì máa ń pe ara ẹ̀, lọ́dọọdún, kò kúrò níbẹ̀ (bóyá ó ń ṣahun ọdún náà ni). Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní lójú ayé kò háwọ́ rárá o, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn nínú eré, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, adigunjalè kan yọ sí i: "Owó ẹ àbí ẹ̀mí ẹ!"

Benny dákẹ́.

Kò sọ nǹkan kan. Ó wà bẹ́ẹ̀. Adigunjalè bínú, ó tún un sọ, "Bọ̀bọ́, mo ní owó ẹ àbí ẹ̀mí ẹ!" Benny wá jágbe mọ́ ọn pé: "Mò ń rò ó!"

Ẹ wò ó, ibi "mò ń rò ó" yẹn kọ́ ni àwàdà wà. Ìdákẹ́ yẹn ni àwàdà náà. Orí rédíò la wà, kò sí ojú tá a lè wò, kò sí ọwọ́ tá a lè rí, ìdákẹ́ yẹn ni ojú ọkùnrin náà. Inú ẹ̀ lèmi fúnra mi ti ń rí i tó gbé owó sọ́wọ́ kan, tó gbé ẹ̀mí sọ́wọ́ kejì, tó ń wò ó pé èwo ló wúwo jù. Kò sẹ́ni tó bá mi kọ ìyẹn, èmi ni mo kọ ọ́, òun kàn fún mi láyè ni. Wá gé ibẹ̀ kúrò báyìí. Kí ló kù? Adigunjalè bi èèyàn ní ìbéèrè, èèyàn náà dáhùn kíákíá, ó parí. Ìròyìn ọlọ́pàá nìyẹn!

Ọwọ́ tí onílù gbé sókè ò tíì lu nǹkan kan, àmọ́ ibẹ̀ ni ara gbogbo ẹni tó ń jó wà. Ẹ̀yin ẹ gé ọwọ́ yẹn kúrò ní afẹ́fẹ́, ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí ìlù ò dùn.

Mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ. Àsìkò ò sí, podcast (àwọn ètò tá à ń gbọ́ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì) ti pọ̀ jù, iṣẹ́ wà, ọmọ wà. Mo ti gbọ́. Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tò podcast ogójì jọ tẹ́ ẹ ń sá tẹ̀ lé e bí ẹni jẹ gbèsè? Ìròyìn, ẹ fi ìlọ́po mẹ́ta gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kọ́ni bá a ṣe ń di olówó, ẹ fi mẹ́wàá gbọ́ ti wọn, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa pàdánù. Àmọ́ àwàdà kì í ṣe ìsọfúnni. Wọ́n ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú ẹ̀, ẹ̀yin ń fi bàtà tẹ èèrà kọjá, ẹ ní kò ní ìfun.

Kì í tiẹ̀ ṣe àwàdà nìkan. Marc Maron, adẹ́rìn-ínpòṣónú ni, láti 2009 ló ti ń ṣe podcast tiẹ̀ títí tó fi pa á tì ní 2025, gáréèjì ilé ẹ̀ ló sì ti bá Obama sọ̀rọ̀ ní 2015 nígbà tí ìyẹn ṣì wà nípò ààrẹ. Nǹkan tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìgbà tí àlejò bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, tó o sì mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. App á ní òfìfo ni.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó bí mi nínú jù. Bí mo ṣe ń kígbe mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́ ni mo rántí nǹkan kan. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo ní kó lọ gbọ́ Just a Minute, eré ìdíje orí rédíò BBC, tí wọ́n á fún èèyàn ní ọ̀rọ̀ kan pé kó fi ìṣẹ́jú kan sọ̀rọ̀ lé e lórí, kò gbọ́dọ̀ dánu dúró, kò gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ sọ, kò gbọ́dọ̀ yà kúrò lórí ọ̀rọ̀. Láti 1967 ló ti wà. Nicholas Parsons ló ń ṣe adájọ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ju àádọ́ta ọdún lọ, ẹni ọdún 96 ni nígbà tó kú ní 2020. Àbúrò mi gbọ́ apá méjì, ó padà wá bá mi pé òun ò fẹ́ mọ́, pé ojúsàájú pọ̀ nínú ètò yẹn. Mo ní báwo? Ó ní ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ́jẹ́, kò dánu dúró, ẹlòmíì á kàn tẹ aago pé ó dánu dúró, bàbá yẹn á sì gbà á fún un! Odidi wákàtí kan ni mo fi gbèjà bàbá yẹn, mo ní kò ṣojúsàájú, ó ní ó ṣojúsàájú, mo ní o ò mọ nǹkan tó ò ń sọ, ó ní etí òun ni òun fi gbọ́ ọ, kò síbi tí ọkùnrin yẹn ti dúró.

Kò síbi tó ti dúró lóòótọ́! App ti gé e! Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń mú èèyàn nínú eré yẹn gan-an ni app rẹ̀ ń pa rẹ́ kó tó dé etí ẹ̀, ó wá kù ìdájọ́ láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Èmi àti ọmọ ìyá mi jà fún wákàtí kan nítorí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá tí fóònù jí kó. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un lánàá, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn wá pa á lẹ́rìn-ín o! Ti Benny ò pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé mo ti ní ìkùnsínú pẹ̀lú àwọn tó ń da ohùn míì bo àwàdà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín èrò ìwòran ni mò ń wí. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rí. Kí ló dé tí ẹnì kan á máa sọ fún mi ìgbà tí mo lè rẹ́rìn-ín? Èyí tó burú jù ni ti tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charley Douglass, ẹ̀rọ ohùn ló ń tọ́jú ní CBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, ó ṣe àpótí kan ní bíi 1950 sí òkè, ó ní bọ́tìnì bíi ti típúráítà, tó bá tẹ èyí, àwọn èèyàn á rín músẹ́, tó bá tẹ èyí, wọ́n á rín àríntàkìtì. Ẹ̀rín tí ẹlòmíì ti rín síbòmíì nítorí nǹkan míì ni wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ àwàdà tí kò dùn. Wọ́n ní ó máa ń fi àgádágodo ti àpótí náà pa. Kò burú, nǹkan ìtìjú ni.

Ìdí nìyẹn tí podcast fi gba ọkàn mi nígbà tó dé. Oṣù Kejìlá 2005, Ricky Gervais àti Stephen Merchant, aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Karl Pilkington ọ̀rẹ́ wọn, èèyàn mẹ́ta nínú yàrá kan, kò sí èrò, kò sí àtẹ́wọ́, Karl á sọ nǹkan tí orí ẹnikẹ́ni ò lè gbé, gbogbo ẹ̀ á pa lọ́lọ́, ìgbà yẹn lèmi á ti ṣubú lulẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é lórí rédíò Xfm ní London kí ó tó di podcast, Guinness, àwọn tó ń kọ ìwé àwọn tó ta yọ lágbàáyé, sì kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé wọn nígbà yẹn pé òun ni podcast tí àwọn èèyàn wà jáde sórí ẹ̀rọ wọn jù. Mo ti sọ ọ́ níbí láìmọye ìgbà pé bó ṣe yẹ kí àwàdà rí nìyẹn, ìdákẹ́ gidi, kó o dá rẹ́rìn-ín ẹ fúnra ẹ. (Ní báyìí ṣá, kámẹ́rà ti wọ podcast, gbogbo wọn ti ń wo lẹ́ǹsì bí ẹni ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ míì.)

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mi parí síbí. Mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ dé ibí kí n tó sùn lánàá. Àmọ́ àbúrò mi pè mí láàárọ̀ yìí.

Ó ní òun ti ṣe nǹkan tí mo ní kóun ṣe. Ó ti pa gbogbo ẹ̀, ó fi sípíìdì ẹ̀ gangan gbọ́ Benny, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún wá tan nǹkan agédákẹ́ ẹ̀ padà, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ìdákẹ́ wo ni? Kò sí ìdákẹ́ kankan níbẹ̀."

Mo ní kó má sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo gé fóònù, mo wọ íàpíìsì, mo lọ gbọ́ ọ.

Kò sí ìdákẹ́ níbẹ̀.

Èrò ìwòran wà nínú sítúdíò. Bí adigunjalè ṣe bi í báyìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, wọ́n ń rín in lọ, ó ń ga sí i, títí adigunjalè fi tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ. Benny nìkan ló dákẹ́. App náà ò rí nǹkan kan gé níbẹ̀ rárá, ẹ̀rín ti kún ún. Láti ọdún tí mo ti ń gbọ́ nǹkan yìí, tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé ìdákẹ́ ni, ẹ̀rín àwọn èrò tí mo kórìíra yẹn ni mò ń gbọ́ tí mo sì ń pè ní ìdákẹ́. Àwọn gan-an ló sì dáàbò bo ibẹ̀ lọ́wọ́ fóònù. Ti Karl tí mo fẹ́ràn, tí kò sí èrò kankan, òun ni app máa rí gé. Mo tiẹ̀ ń rò ó báyìí pé ní ti Karl náà, ṣebí Gervais máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín létí gbohùngbohùn, kí la wá fẹ́ pe ìyẹn?

Mo pè é padà. Mo ní ó dáa, ìdákẹ́ ò sí, àmọ́ kí ló dé tí kò fi pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ọkùnrin náà rí. Ẹ ní ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe ahun. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí láyà. Èmi tí mò ń bá fóònù jà nítorí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé ọdún mẹ́rìndínlógún dànù kí n tó fi ránṣẹ́.

Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n fi ti ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́, òun á gbọ́ ọ láti ìpilẹ̀. Inú mi dùn, mo lọ wò ó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún apá ni, ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Háà. Ṣé kí n fi ìlọ́po méjì gbọ́ ọ, àbí kí n má gbọ́ ọ rárá?"

Mi ò sọ nǹkan kan.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ìlọ́po méjì àbí kí n fi sílẹ̀?"

Mo ní jọ̀ọ́, mò ń rò ó.