Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá, Àgbà Òṣìkà: Ẹjọ́ Rhiannon àti Ajá Gelert

Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ kíyè sí i pé wọn kò pè é ní òmùgọ̀, wọn kò sì pè é ní aláìmọ̀kan. Òṣìkà ni wọ́n pè é, wọ́n tún wá fi ṣe àgbà láàárín àwọn òṣìkà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ṣì lè tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnìkejì ẹjọ́ dúró níwájú rẹ̀, tó ní etí, tó ní ẹnu láti fi béèrè, tó wá dájọ́ kó tó béèrè, kí ló fẹ́ wí?

Ìtàn tí mo fẹ́ fi tú òwe yìí kì í ṣe ti ilé wa. Ilẹ̀ Wales ni, ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Britain. Ẹjọ́ méjì ni, ẹ̀jẹ̀ ló sì ṣe ẹlẹ́rìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti ajá ná. Ní àríwá Wales ni abúlé Beddgelert wà, níbi tí odò Colwyn ti ń ṣàn wọnú odò Glaslyn, nítòsí Yr Wyddfa, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nínú pápá kan lẹ́bàá odò, wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sàréè ajá kan, wọ́n sì kọ ìtàn sí i lára ní èdè Welsh àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní Llywelyn Fawr, olórí àríwá Wales tó kú ní 1240, ń lọ sóko ọdẹ. Ó fun fèrè, gbogbo ajá péjọ, àfi Gelert tó jẹ́ ààyò rẹ̀. Nígbà tó padà délé, Gelert sáré pàdé rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Llywelyn wọlé, ó bá ibùsùn ọmọ rẹ̀ tó ti dojú dé, ẹ̀jẹ̀ káàkiri, kò rí ọmọ. Ó fa idà yọ, ó gún ajá pa. Bí ajá ti ń ké igbe ikú ni ọmọ ké láti abẹ́ ibùsùn. Ọmọ wà láàyè, nǹkan kan kò ṣe é. Òkú ìkookò ńlá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní Llywelyn kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ọjọ́ náà.

A máa ń sọ pé ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gelert kò jẹ́ ìpè fèrè lọ́jọ́ yẹn, ó sì sọ nù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló pa òwe yẹn? Ọdẹ ni. Ọdẹ ló fun fèrè, ọdẹ ló dúró títí tí kò rí ajá, ọdẹ náà ló padà wá sọ fún wa pé etí dídi ló pa ajá òun. Kò sẹ́ni tó bi ajá léèrè ohun tó dá a dúró. Ní ti Gelert, ọmọ ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀ ló dá a dúró. Ó yẹ kí èyí máa wá sọ́kàn wa nígbà tí a bá fẹ́ fi òwe yìí bá ọmọ tí a kà sí olóríkunkun wí.

N kò ní fi òótọ́ nípa sàréè yẹn pamọ́. Ohun tí àwọn tó mọ ìtàn agbègbè náà gbà ni pé David Prichard, ọkùnrin kan tó ti gúúsù Wales wá láti máa bójú tó ilé ìtura Royal Goat ní abúlé náà, lọ́wọ́ nínú títo òkúta náà jọ ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí àlejò lè máa rọ́ wá. Ìtàn ọ̀hún ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Íńdíà, ẹranko kékeré kan tó máa ń pa ejò ni wọ́n pa láìṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, àlùfáà Étienne de Bourbon bá àwọn ará oko lẹ́bàá Lyon tí wọ́n ń gbé ọmọ aláìsàn lọ sójú oórì ajá kan tí wọ́n ń pè ní Guinefort Mímọ́, ajá tí olówó rẹ̀ pa bí wọ́n ṣe pa Gelert. Àlùfáà náà ní kí wọ́n hú egungun rẹ̀, kí wọ́n sun ún. Àwọn ará Wales pàápàá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń júwe àbámọ̀ tó lé kenkà: wọ́n ní ó dun ẹni náà bí ó ṣe dun ọkùnrin tó pa ajá ọdẹ rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àlejò ṣì ń lọ dúró níwájú òkúta Beddgelert, tí àwọn mìíràn ń nu ojú. Ẹjọ́ onílé-ìtura nìkan ni wọ́n gbọ́. N kò bá wọn jà o, ó kàn ń pa mí lẹ́rìn-ín ni.

Llywelyn ní àwáwí kan: ajá kì í sọ̀rọ̀. Rhiannon ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ yékéyéké.

Inú Mabinogi ni ìtàn rẹ̀ wà, ìtàn ẹlẹ́ka mẹ́rin tí àwọn akọ̀wé Wales fọwọ́ kọ láyé àtijọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, Ìwé Funfun Rhydderch, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 1350, ṣì wà ní Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Wales ní Aberystwyth. Pwyll ni olórí ilẹ̀ Dyfed ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ààfin rẹ̀ sì wà ní Arberth. Ó jókòó sórí òkìtì kan nítòsí ààfin lọ́jọ́ kan, ó rí obìnrin kan tó ń kọjá lọ lórí ẹṣin funfun, tó wọ aṣọ tó ń dán bíi wúrà. Ó rán ènìyàn tẹ̀ lé e. Ẹṣin obìnrin náà ń rìn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lé e ti ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jìnnà sí i tó. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, Pwyll gun ẹṣin tirẹ̀, ó sá eré títí, kò bá a. Nígbà tó sú u ló ké sí i pé kó jọ̀ọ́, kó dúró de òun. Rhiannon dáhùn pé òun á dúró tayọ̀tayọ̀, ì bá sì ti sàn fún ẹṣin náà bó bá ti tètè béèrè.

Mo fẹ́ràn èsì yẹn púpọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fún Pwyll ní ìyàwó tí eré ẹṣin ọjọ́ mẹ́ta kò lè fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọkùnrin yìí kan náà ló gbàgbé láti béèrè nígbà tó yẹ kó béèrè jù.

Wọ́n fẹ́ra. Ó di ọdún kẹta, kò sọ́mọ. Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ní kí Pwyll fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọdún kan sí i, kí ọdún náà sì tó pé, Rhiannon bí ọmọkùnrin ní Arberth. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n fi ṣọ́ ìyá àti ọmọ lóru. Oorun gbé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ. Nígbà tí àkùkọ kọ, wọ́n jí, ọmọ ti lọ.

Ẹ̀rù bà wọ́n. Ikú ni wọ́n rò pé yóò jẹ́ èrè oorun wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní òun mọ ọgbọ́n tí àwọn lè dá: abo ajá ọdẹ kan wà nínú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n pa lára ọmọ rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ pa Rhiannon lójú àti lọ́wọ́ bó ti ń sùn, kí wọ́n da egungun síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì búra pé Rhiannon fúnra rẹ̀ ló pa ọmọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Rhiannon jí, ó béèrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kó má béèrè ọmọ lọ́wọ́ àwọn, ṣebí ó lu àwọn bolẹ̀ bí àwọn ti ń bá a jìjàkadì. Obìnrin náà mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì mọ ohun tó bí irọ́ náà. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, òun á dáàbò bò wọ́n. Wọ́n kọ̀. Gbogbo bó ti bẹ̀ wọ́n tó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́.

Ibi tí òwe wa ti ṣòro láti mọ̀ dunjú nìyí. Ẹni tó bá gbọ́ "agbẹ́jọ́ ẹnìkan" lè máa rò pé ọ̀rọ̀ iye ènìyàn ni, pé bí ẹlẹ́rìí bá ti pọ̀, ẹjọ́ ti tọ́. Ẹni mẹ́fà tó jọ sùn, tó jọ jí, tó jọ bẹ̀rù, tó jọ pète, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹnu mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan. Bí Pwyll bá ti pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bi èkíní pé ìgbà wo ni Rhiannon dìde, tó bi èkejì pé ta ló kọ́kọ́ dì í mú, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tú kí oòrùn tó mú. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan lè dé orí fóònù wa láti ọwọ́ ogójì ènìyàn, kí a máa rò pé ogójì ẹlẹ́rìí la ní, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni gbogbo wọn ti gbà á, tí ẹni náà kò sì sí níbi ìṣẹ̀lẹ̀.

Ìyá ajá wà nínú ilé yẹn o! Ó bímọ, gbogbo ará ilé mọ̀. Kò sẹ́ni tó lọ wo ibi tó dùbúlẹ̀ sí láti ka ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣa egungun yẹn wò bóyá ti ènìyàn ni. Ẹ̀jẹ̀ ti wà lójú obìnrin, ó ti tó wọn.

Àwọn ìjòyè ní kí Pwyll kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Pwyll ní rárá, pé àìbímọ nìkan ni wọ́n lè tìtorí rẹ̀ ní kí òun kọ̀ ọ́, òun sì mọ̀ pé ó bímọ; bó bá ṣẹ̀, kó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń yìn ín fún èyí. Èmi kò lè yìn ín jù. Ó ṣàánú, kò ṣèwádìí, àánú tí wọ́n fi bo ẹjọ́ tí a kò wádìí kò sọ ẹlẹ́bi di aláre. Rhiannon pe àwọn ọlọ́gbọ́n jọ, ó gba ìmọ̀ràn, ó sì rí i pé ó sàn kí òun gba ìyà ju kí òun máa bá obìnrin mẹ́fà fa ọ̀rọ̀ lọ. Ìyà náà ni pé fún ọdún méje, kó máa jókòó lójoojúmọ́ lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ààfin, níbi òkúta tí wọ́n fi ń gun ẹṣin, kó máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì gbọ́, kó sì máa bẹ àlejò pé kó gun òun lẹ́yìn wọlé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń gbà kó gbé òun.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." A fẹ́ràn òwe yìí, ó ń tù wá nínú. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń gùn, ẹni náà sì máa ń ní ohun tó máa pàdánù.

Teyrnon Twrf Liant ni ẹsẹ̀ tí òtítọ́ Rhiannon gùn. Olúwa ilẹ̀ Gwent Is Coed ni, ó ní abo ẹṣin kan tó máa ń bímọ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í mọ ibi tí ọmọ ẹṣin náà ń gbà. Lọ́dún kan ó dìhámọ́ra, ó ṣọ́ ọ nínú ilé. Bí ẹṣin ti bímọ ni ọwọ́ ńlá kan tó ní èékánná gba ojú fèrèsé wọlé, ó di ọmọ ẹṣin mú nírun ọrùn. Teyrnon fi idà gé apá náà, ó sáré jáde nínú òkùnkùn, ó rántí pé òun ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó padà, ó bá ọmọ tuntun lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi aṣọ sẹ́dà wé. Ìyàwó rẹ̀ kò bímọ rí. Wọ́n gba ọmọ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Gwri, wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ inú wọn. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tó fi ń bá àwọn olùtọ́jú ẹṣin dúnàádúrà kí wọ́n jẹ́ kí òun fún ẹṣin lómi.

Ìgbà yẹn ni ìròyìn ìyà Rhiannon dé etí wọn. Teyrnon ti sin Pwyll rí, ó mọ ojú rẹ̀. Ó wo ọmọ, ó rí Pwyll. Ta ni ì bá mọ̀ bó bá dákẹ́? Ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ní kò tọ́ kí àwọn di ọmọ ọlọ́mọ mú kí obìnrin rere máa jìyà nítorí rẹ̀. Obìnrin náà gbà, òun tí kò ní ọmọ mìíràn. Láàárín gbogbo àwọn tí ìtàn yìí dárúkọ àti àwọn tí kò dárúkọ, òun ni mo fẹ́ kí ọlá bá jù.

Wọ́n gun ẹṣin lọ sí Arberth. Rhiannon pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí òun gbé wọn lẹ́yìn wọlé. Teyrnon àti ọmọ náà kọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ló ro ẹjọ́ fún gbogbo ilé, wọ́n wo ojú ọmọ, kò sẹ́ni tó jiyàn. Pryderi ni orúkọ tí wọ́n wá sọ ọ́. Wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́, ẹṣin àti ajá ọdẹ fún Teyrnon, kò gbà.

N kò rí ibi tí Pwyll ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti fi ìyà jẹ ẹ́, inú ilé níbi oúnjẹ ni wọ́n ti dá a láre. Àwọn èrò ọ̀nà tó ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ lẹ́bàá òkúta yẹn, ta ló lé wọn bá láti sọ fún wọn pé irọ́ ni?

Ìtàn náà kò sì sọ ohun tí wọ́n fi àwọn obìnrin mẹ́fà náà ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé á fẹ́ gbọ́ pé wọ́n gba sẹ̀ríà. Bó bá jẹ́ èmi ni Pwyll, màá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n bi wọ́n ní ohun tí kò bi wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n sì fetí sí èsì wọn dópin. Irú ààfin wo ni mò ń ṣe olórí rẹ̀, tí ẹ̀rù oorun lásán fi lè mú kí ènìyàn mẹ́fà pa ọmọ ajá, kí wọ́n sì ba ayé ìyá ọlọ́mọ jẹ́? Àwọn náà ní ẹjọ́ láti rò.