Kọfí tí gbogbo ayé fi ń ṣẹ̀sín: bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an

"Amẹ́ríkà! Obìnrin kan da kọfí sí ara rẹ̀ lára, ó pe ẹjọ́, ó di olówó." Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Òun ni wọ́n máa ń fà yọ tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé owó gbà-má-bínú ti di òwò lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń fi kún un pé ńṣe ló ń wakọ̀ tó sì ń mu kọfí. Ó tì o.

Ní oṣù kejì ọdún 1992, ní Albuquerque, ìpínlẹ̀ New Mexico, ìyá ẹni ọdún 79 kan, Stella Liebeck, ra kọfí ní ilé oúnjẹ McDonald's. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń wakọ̀, wọ́n sì ti páàkì. Ìyá fi ife há àárín orúnkún, ó ń ṣí ìdérí kó lè fi ṣúgà àti mílíìkì sí i, ni gbogbo rẹ̀ bá dà sí i lára. Ṣòkòtò rẹ̀ fa omi gbígbóná náà mu, kò jẹ́ kó tètè kúrò lára rẹ̀. Ó jó o nítan àti lójú ara, ó jó o wọnú ẹran. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò nílé ìwòsàn, wọ́n sì bó awọ ibòmíràn lára rẹ̀ láti fi bo ojú egbò.

Èló ni ìyá béèrè? 20,000 dọ́là, owó ìtọ́jú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èló ni McDonald's fi lọ̀ ọ́? 800 dọ́là. Ohun tó gbé e dé kóòtù nìyẹn.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá làgbà òṣìkà, àwọn júrì, ìyẹn àwọn aráàlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́, sì gbọ́ ti ìhà méjèèjì lọ́dún 1994. Wọ́n gbọ́ pé ìgbóná kọfí náà máa ń wà láàárín 82 sí 88 lórí ìwọ̀n Celsius, èyí tó lè jó awọ wọnú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé, láàárín ọdún mẹ́wàá, ó lé ní 700 ẹ̀sùn tó ti dé etí ilé iṣẹ́ náà lórí kọfí tó jó èèyàn. Síbẹ̀ wọ́n ní ìyá náà jẹ̀bi ìdá 20 nínú 100, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú 200,000 dọ́là owó gbà-má-bínú rẹ̀, ó ku 160,000. Mílíọ̀nù 2.7 dọ́là tí ariwo rẹ̀ gba ayé kan, owó ìjìyà ni, èyí tí júrì fi kún un láti fi bá McDonald's wí, bí owó kọfí tí wọ́n ń tà lọ́jọ́ méjì péré. Adájọ́ gé e sí 480,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yanjú rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí.

Ìtàn mìíràn tí wọ́n tún máa ń sọ ńkọ́, ti ọkùnrin tó fi ọkọ̀ ńlá rẹ̀ sílẹ̀ lórí eré, tó lọ po kọfí lẹ́yìn, tí kóòtù sì fún un ní ọkọ̀ tuntun? Irọ́ pátápátá ni. Kò sí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ tún wo bí àwọn lọ́yà ibẹ̀ ṣe ń ṣe é. Nínú ẹjọ́ ìpalára, tí lọ́yà kò bá borí, kò ní gba owó iṣẹ́. Tó bá borí, ó sábà máa ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ta ló máa fi ọdún mélòó kan sá tẹ̀lé ẹjọ́ tí kò lórí tí kò nídìí?

Ẹni tó ṣèṣe tí kò pe ẹjọ́ rárá ló pọ̀ jù. Àwọn oníwàádìí Yunifásítì Harvard yẹ ìwé aláìsàn tó lé ní 30,000 wò ní ìpínlẹ̀ New York, ti ọdún 1984. Nínú àwọn tí àìbìkítà oníṣègùn pa lára, àwọn tó béèrè owó kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹlẹ́tàn wà o, n kò jiyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ariwo "ọrùn ń dùn mí" lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ṣòfin lé e lórí lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà: lọ́dún 2003, wọ́n fi 250,000 dọ́là ṣe òpin owó ìrora tí èèyàn lè gbà lọ́wọ́ dókítà tó ṣàṣìṣe. Ẹlẹ́tàn tó ń díbọ́n kò lè gba tó iye yẹn láéláé. Ẹni tí ara rẹ̀ bàjẹ́ títí ayé ni òfin náà ń gé owó rẹ̀ kù.