Ṣé òótọ́ ni pé kíbọ́ọ̀dù olórúkọ kì í tà n'Ìbàdàn?

"Ará Ìbàdàn kì í ra Yamaha. Ọjà pọ́ọ́kú ni wọ́n ń wá. Tí mo bá kó o wá, owó mi há nìyẹn." Bí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ohun èlò orin ṣe máa ń wí nìyẹn, láti Dùgbẹ̀ dé Ògúnpa. Èmi ò gbà.

Ta ló ń ra kíbọ́ọ̀dù gan-an? Ṣọ́ọ̀ṣì ni ká kọ́kọ́ dárúkọ. Alàgbà tó ń sanwó lè má mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló máa ń mú dání. Ọmọ yẹn á rọra tẹ kíì kan, á tún gbá kíì kan náà mọ́lẹ̀. Bí ohùn méjèèjì bá dọ́gba, á yíjú sí alàgbà: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo ìsọ̀ mìíràn."

Lábẹ́ kíì tó mọ ọwọ́ títẹ̀, rọ́bà kan wà tó ní ojú dúdú méjì. Ọ̀kan á ṣáájú èkejì kan bọ́ọ̀dù, àlàfo àárín wọn ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ni àbí ẹ gbá a. Ọ̀pọ̀ àwọn pọ́ọ́kú aláìlórúkọ ò ní irú rẹ̀. Orúkọ nìkan ò sì tó o: Yamaha PSR-E273 ò ní in, PSR-E373 ní in, bẹ́ẹ̀ kíì 61 ni méjèèjì ní. Ọlọ́jà tí kò mọ èyí á ta ọ̀kan fún ẹni tó ń wá èkejì, á wá ní ọjà olórúkọ ló ń fa wàhálà.

Ibi àtúnṣe gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àtúnṣe ni Yamaha fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀: lọ́dún 1887, Torakusu Yamaha tún dùrù iléèwé kan ṣe ní Hamamatsu, Japan. Tí àdápítọ̀ bá jó (iná tiwa, ta ni ò mọ̀ ọ́n?), fólítì 12 ni ti àwọn PSR kékeré yìí, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n á rí òmíràn rà. Rọ́bà ńkọ́? Àwọn atúnṣe máa ń yọ ọ́ lára òkú ẹ̀rọ. Àmọ́ aláìlórúkọ, orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ́dún yìí lè má sí lọ́jà lẹ́ẹ̀míì. Oníbàárà ò ní gbé e padà sí Ṣáínà, ìsọ̀ yín ló máa gbé e wá.

Ẹ wo ti iye owó náà. Fóònù tó wà lọ́wọ́ oníbàárà ni ẹni tó ń ta pọ́ọ́kú ń bá díje. Ibẹ̀ ló ti máa rí irú ẹ̀ ní iye tó dín sí tiyín, wọ́n á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Mọ́níyà. Owó ìsọ̀ ò sí lọ́rùn tiwọn. Ṣùgbọ́n torí ayédèrú, ẹni tó fẹ́ ra olórúkọ fẹ́ fojú rí i, kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó sì mọ ilé ẹni tó tà á fún un.

Lóòótọ́, owó ńlá ló ń jẹ, n ò ní parọ́. Ẹ má lọ kó oníkíì 88 jọ. Méjì-mẹ́ta oníkíì 61 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan síta, kẹ́ ẹ tàn án, kí àwọn ọmọ kwáyà máa tẹ̀ ẹ́. Èyí tẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé sókè àjà, tẹ́ ẹ kọ "má fọwọ́ kàn án" sí lára, tí kò bá tà, ẹ má bi Yamaha.